Ọ̀rọ̀ Tí Òfin Ò Jẹ́ Kí Dókítà Ìyàwó Mi Sọ Lórí Fóònù

Oko Trezise,
Ojú Ọ̀nà Rélùwéè,
Ouyen, Victoria.
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kẹfà, 2022.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ìrànlọ́wọ́ Ikú,
Melbourne.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ DÓKÍTÀ WÁ BÁ ÌYÀWÓ MI NÍLÉ

Àwọn ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn nìyí: ọrùn Elva, ìyàwó mi, tí kò lè gbé orí dúró mọ́, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ kúrò lọ́fun rẹ̀, tí bátìrì rẹ̀ lè kú lójú ọ̀nà, àwọn kangarúù tó máa ń já lu ọkọ̀ ní ìdájí, àti òfin yín.

1. Àrùn tó ń pa iṣan ara ló ń ṣe Elva. Kò gbóògùn. Ó ti pinnu pé òun kò ní dúró de ìgbà tí èémí yóò há mọ́ òun láyà, ó sì bẹ̀bẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Victoria wa pé kí dókítà ran òun lọ́wọ́ láti kú. Dókítà ìlú wa ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó tọ́ sí i. Ó ku kí onímọ̀ àrùn náà fọwọ́ sí i, Melbourne ni onítọ̀hún sì wà, ìrìn wákàtí márùn-ún sí wa nínú ọkọ̀.

2. Orí fóònù ni onímọ̀ yìí kan náà ti sọ fún wa pé Elva yóò kú, tó sì ṣàlàyé bí èémí yóò ṣe tán. Ìyẹn kò lòdì sí òfin. Èmi wá ṣe àṣìṣe, mo béèrè nípa ìrànlọ́wọ́ náà. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Trezise, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ìyẹn lórí fóònù. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, wọ́n lè gbé mi lọ sílé ẹjọ́. Ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" Elva jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́.

3. Wọ́n ní kí n gbé e wá sí Melbourne. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi awọ àgùntàn tẹ́ ìjókòó ọkọ̀, mo ní ká dán ọ̀nà wò dé ibi àká àlìkámà lẹ́yìn ìlú. A ò débẹ̀ tí mo fi yí padà, nítorí igbe rẹ̀. Nígbà tó sinmi tán, ó rọra fi ahọ́n rẹ̀ tó ti wúwo sọ pé, "Mervyn, bó o ṣe ń wakọ̀ yẹn, Bendigo ni màá kú sí, ká tó dé Melbourne. A ò tiẹ̀ ní nílò dókítà mọ́." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè bá a rẹ́rìn-ín.

4. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe òfin fóònù. Gbogbo ẹni tí mo pè ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ọdọọdún lẹ ń kọ̀wé pé òfin ìrànlọ́wọ́ ikú ń dáàbò bo aláìlera. Ẹni tó bá lè rìnrìn àjò ló ń dáàbò bò.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ibí. Mo bẹ̀ yín, ẹ rán onímọ̀ kan wá. Oúnjẹ àti ibùsùn wà nílé wa fún un. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá gbé Elva sínú ọkọ̀, a ó dúró kí oòrùn yọ dáadáa nítorí àwọn kangarúù, a ó sì gbéra lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí.

Èmi ni tiyín, tí mo ṣì ń retí yín,

Mervyn Trezise,
Àgbẹ̀ àlìkámà tó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ Elva.