Ìwé Ọmọbìnrin Tí Òjìji Rẹ̀ Sá Lọ

Hàmídàt, má wá ìwé ẹ kiri, inú àpò mi ló wà. O ní kí n kà á, kí n sọ òótọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni mo wò tí mo fi sọ fún Màmá pé ìtàn ànjọ̀nnú lásán ni, tí wọ́n fi ní kí n dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí mò ń kọ́ nípa ẹ̀rí jíjẹ́ ní ilé kéú!

Mo ṣí i wò lẹ́yìn àsùbáà, n ò mọ ìgbà tí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ. Ìwé náà dùn. Ẹ̀rí èké ni mo jẹ́. Tí mo bá dé ní Jímọ̀, n ó sọ ọ́ fún Màmá níwájú ẹ.

Bínú, o jàre. Ṣùgbọ́n òjìji ọmọ yẹn ò tíì padà, n ò sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bùọ̀dá Mùs'áb