Ọ̀dà Pupa Tó Wà Lábẹ́ Èékánná Mi

Abà Ògúntádé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ṣemílọ́rẹ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí ò ń gbé l'Ìbà, mo kí onílé rẹ náà bí kò bá tíì fi kún owó ilé. Ṣé orúnkún tó bó ti ń jinná? Ẹni tó ń gun irin, irin kò ní gùn ún, orí rẹ kò ní sùn nígbà tí táyà bá ń yí, àmín. Àwa náà wà, bàbá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ aláwọ̀ eérú ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn lè dúró. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni kò lè dúró, n kò sì ní fi òwe ká a mọ́ra: èmi ni mo ha ọ̀dà pupa yẹn. Kì í ṣe Muheez.

Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Nígbà tí o sọ fún mi pé o ń lọ sí rálì ọlọ́jọ́ mẹ́rin, rálì àwọn olóṣèlú nìkan ni mo mọ̀, mo ti ń sọ fún bàbá rẹ pé ti ọlọ́jọ́ mẹ́rin yìí, àpò ìrẹsì ibẹ̀ á tóbi. Ta ló sọ fún mi pé ọmọ ènìyàn lè gbé alùpùpù tó wúwo ju màlúù lọ, kó fi títì ọlọ́dà sílẹ̀, kó máa wá ẹrẹ̀ kiri inú igbó, kí wọ́n sì máa fi ọ̀dà pupa ya ọfà sára igi fún un kó má bàa ṣìnà? Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé bí ènìyàn bá rí ọ̀dà pupa lára ilé rẹ̀ l'Ókókomáìkò, kó tètè kó ẹrù, kátápílà ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ ni mo gbọ́. L'Ọ́jọ́rú tó kọjá tí mo ń lọ sóko, mo rí ọfà pupa ní oríta, mo rí i lára igi àgbálùmọ̀ wa, gbogbo wọn kọjú sí oko ẹ̀gẹ́. Ọfà tó kọjú sí oko ẹni, ṣé ìkíni ni?

O mọ̀ mí, n kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tutù. Nínú ẹ̀kọ́ òwò ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n kọ́ wa n'Ílaró, ohun tí olùkọ́ wa ń tẹnu mọ́ ni pé ìdádúró ni olè tó ń jí èrè, sátífíkéètì mi ṣì wà lára ògiri. Baálẹ̀ Ògúnjìmí ní kí a kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ béèrè. Mo sọ fún wọn pé kí ìránṣẹ́ tó dé, ilé ti wó. Mo pín abà sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọn kan mú àdá, àwọn kan mú kẹrosíìnì, àwọn kan mú kànrìnkàn, kí oòrùn tó mú, kò sí ọfà kan mọ́ láti oríta títí dé odò, la bá gbalé lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n pè mí ní akin obìnrin, mo sì gbà á.

N kò mọ̀ pé ìwọ lò ń bọ̀ níwájú gbogbo wọn. N kò mọ̀ pé ọmọ tèmi ni yóò dé oríta tí kò ní rí àmì, tí yóò kọrí sí àbàtà, tí alùpùpù á rì dé ìjókòó, tí Muheez tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ṣe kòńgẹ́ ọ̀nà tó tọ́, tí á sì gba ife ẹ̀yẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú tí o pè mí tẹkúntẹkún, o ní Muheez ló rán ènìyàn láti ha àmì, o ní ìgbìmọ̀ yín á gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, wọn á sì lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ ní Sátidé. O ní kí ọwọ́ tó ha ọ̀dà yẹn má gbé òkèlè dé ẹnu mọ́. Mo ṣe àmín. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi ohùn sí i. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta ni mo bojú wo ọwọ́ ọ̀tún mi, ọ̀dà pupa ṣì wà lábẹ́ èékánná. Ojú tì mí débi pé mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, mo sì pa fóònù. Kò já, ọmọ mi.

Fọ́ọ̀mù ẹlẹ́rìí tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, pé kí n kọ ohun tí a rí lábà, mo ti fọwọ́ sí i. Máákà tí mo fi ń kọ orúkọ sára àpò gàrí ni mo fi kọ ọ́ sójú fóònù pé èmi ni, ó hàn dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́ọ̀mù lọ, ohun tí mo kọ kò bá a lọ, iwájú orí bàbá rẹ ló jókòó sí nínú fọ́tò tó wà lójú fóònù mi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, tí mo fi rán Wàhábì tó ń fi ọkọ̀ kó gàrí wá sí Ìyànà Ìbà. Kà á fún ìgbìmọ̀ kí Sátidé tó pé, má sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nítorí pé ìyá rẹ ni mí. Adìyẹ tó wà lọ́wọ́ Wàhábì, ti Muheez ni, kì í ṣe tìrẹ.

Sọ fún wọn pé kí wọ́n tún gba abà wa kọjá nínú rálì tó ń bọ̀. A ti da òkúta àti iyanrìn sínú àbàtà yẹn, ọ̀nà ti dán, ẹyin kò lè fọ́ lórí rẹ̀, ìyà ẹrẹ̀ kò ní jẹ yín mọ́.

Fi owó gálọ̀ọ̀nù ọ̀dà pupa kan àti búrọ́ọ̀ṣì méjì ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, màá béèrè kí n tó kùn ún.

Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ. O kò ní ṣìnà nítorí ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n kí o tó ṣe àmín sí èyí, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ gba èpè yẹn padà. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ̀bà, bàbá rẹ sì ti gbé àwo tirẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ìyá rẹ,
Àyìnkẹ́