Ojú Inú Fọ́tò àti Ojú Tí Mo Gbé Wá sí Douala

Bépanda, Douala.

Nùsíràt Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Kọ́kọ́ bá mi fi orí jin ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó rí wọ́gọwọ̀gọ yìí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, o mọ̀, ọ̀rọ̀ mi sì máa ń pẹ́ kó tó jáde, bí omi inú bùútà tí ẹnu rẹ̀ dí. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìbàdàn? Ṣé iṣẹ́ ojú kíkùn ń lọ, ṣé àwọn ìyàwó ń wá ọ wá? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n lójú ẹnikẹ́ni. Kò ní jẹ́ kí oníbàárà kan sunkún ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Àmín.

N ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, torí yàrá kan ṣoṣo la ní, ọkọ mi á sì máa gbọ́. Àfísù tó ń bá wọn gbé ẹrù ń lọ sílé lọ́la, òun ni màá fi lẹ́tà yìí rán.

Òjò ni ìròyìn ibí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, aṣọ kì í gbẹ, bàtà mi abẹ́ ibùsùn ti hu funfun. Ṣùgbọ́n ọkọ mi, Bàbá Sakinah, ń ṣe dáadáa sí mi. Bàtà oníke ni wọ́n ń tà ní Ndokoti, ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńdísíkìn ló ń gbé wọn lọ láàárọ̀, bí wọ́n bá sì dé, wọn kì í jẹun kí wọ́n tó bi mí bóyá mo ti jẹun. Láti ọdún mẹ́jọ tí bàbá rẹ ti kú, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀rù bà mí.

Ọ̀rọ̀ ìgò yẹn ni, àtíkè olómi tí ẹ ń pè ní fáńdéṣọ̀n, tí o fi kùn mí lójú lọ́jọ́ tí a ya fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi níbí. O ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, pélé mi wọlẹ̀ pátápátá, mo pọ́n bí ẹni tí kò dé oko rí. Fọ́tò yẹn ni wọ́n wò tí wọ́n fi ní àwọn gbà. Òun náà ló wà lọ́wọ́ Àlùfáà Abdussamad lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì ní Ìgbòho, tí ẹ̀gbọ́n wọn dúró fún wọn torí wọn ò lè wálé. Ojú tí wọ́n so yìgì sí nìyẹn, Nùsíràt, kì í ṣe èyí tí mo ń fọ̀ láràárọ̀. Mo ti rò ó títí. Bí wọ́n bá rí ojú mi gan-an, bóyá yìgì yẹn á tú fúnra rẹ̀, á wá dà bíi pé ọkọ ọlọ́kọ ni mo ń bá gbé.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kùn ún lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àlùwàlá ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni mo ń fọ̀ ọ́ nù, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ń tún un kùn. Ní àsùbáà mo máa ń jí ṣáájú wọn, màá kírun tèmi lẹ́yìn ilé, kí wọ́n tó lajú mo ti di obìnrin inú fọ́tò. Wọ́n ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló dé tí a kì í jọ kírun. Mo ní ojú ń tì mí. Wọ́n rò pé ìtìjú ìyàwó tuntun ni. Wọ́n kọ nọ́ńbà ọgọ́fà sára ìgò náà, mo rò pé ọgọ́fà ọjọ́ ló máa lò, mo sì ń fi èédú sàmì sára ògiri. Àádọ́rin ọjọ́ péré ló lò. Bá mi bi ẹni tó tà á fún ọ, ó jọ pé ó ti bù nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan wọ́n rí i pé ìrọ̀rí mi ti pọ́n lápá kan. Wọ́n ní aṣọ ìrọ̀rí yìí ń ṣí, wọ́n ní ìyá aláṣọ ti rẹ́ àwọn jẹ, ni wọ́n bá ká a sábẹ́ apá, ó di Ndokoti, wọ́n bá obìnrin náà jà títí ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Mo jókòó, n ò lè sọ pé èmi ni mo ń ṣí. Obìnrin yẹn ò ṣẹ̀ wá. Mo ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun nítorí rẹ̀.

Fọ́tò yẹn náà ni wọ́n fi sí ojú fóònù wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n, obìnrin yẹn ló máa kọ́kọ́ yọjú, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i kí wọ́n tó dáhùn. Mo mọ̀ pé èmi ni, síbẹ̀ inú mi máa ń bàjẹ́. Ó ń bá wọn lọ sọ́jà, òjò kì í pa á, kì í làágùn, kì í ṣe àlùwàlá. Ó dà bíi pé ìyáálé mi ni.

Manuella, ọmọ Kamẹrúùnù tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ń ta irú àtíkè bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì nítòsí afárá Deïdo. Mo lọ bá a lọ́jọ́ Jímọ̀ pé kó bá mi wá irú ìgò mi. Ó gbá mi lágbọ̀n mú, ó fà mí jáde sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ó ní Mama, ojú yín ti wà ní Faransé, ọrùn yín ṣì wà ní Bépanda. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó wù mí kí ilẹ̀ lanu. Ó ní a kì í dán an wò lẹ́yìn ọwọ́, torí ọwọ́ àti ojú kì í ṣe àwọ̀ kan náà. Ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n ni, níbi tí ojú ti pàdé ọrùn, níta gbangba, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù, ká sì dúró kó gbẹ, torí ó máa ń dúdú sí i bó bá gbẹ. Ó ní abẹ́ àwọ̀ dúdú tèmi pupa bí epo, ti inú ìgò mi ló ń jẹ́ kí n rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ó fa ìlà mẹ́ta sí mi lágbọ̀n. Méjì hàn. Ìkẹta, mo wo dígí títí, n ò rí i. Mo ní kó má bínú, ti inú ìgò yẹn ti kú, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní ìyẹn gan-an ni tèmi, èyí tí a kò bá rí mọ́ ló bá èèyàn mu. Ṣé òótọ́ ni, Nùsíràt? Kí lèèyàn fẹ́ fi ohun tí kò hàn ṣe? Ó bu díẹ̀ fún mi sínú ọ̀rá. Mo kùn ún nígbà tí n kò rí ẹnì kankan. Pélé mi yọ mẹ́ta mẹ́ta, ó dà bíi pé ìyá mi ló ń wò mí nínú dígí. Kò burú lójú mi. Ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún.

Jọ̀ọ́, bá mi ra ìgò kan sí i, ọgọ́fà kan náà, fi rán Àfísù bó bá ń bọ̀. Bí o kò bá rí i, ìwọ̀nba owó tó bá wà lọ́wọ́ rẹ ni kó o fi ránṣẹ́, n ò ní wò ó pé ó kéré. Kó o sì bá mi bi Àlùfáà Abdussamad bóyá yìgì mọ àtíkè yàtọ̀ sí ara. Má dárúkọ mi o, sọ pé obìnrin kan ní Douala ni. Ọlọ́hun á fún ọ ní ọkọ tí yóò rí ọ kó tó fẹ́ ọ. Àwọn ọmọ tí wàá bí á jọ ọ́, àmín.

Ìgò ọ̀hún gbẹ láàárọ̀ yìí. Ojú lásán ni mo fi jókòó sídìí fèrèsé tí mo ń kọ̀wé, mo ní kó tó di ìrọ̀lẹ́ màá ti wá nǹkan ṣe sí i. Ṣùgbọ́n òjò ti lé Bàbá Sakinah wálé. Mo ń gbọ́ ohùn wọn lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Manuella níwájú. Wọ́n ń bi í pé àlejò wo ló jókòó sí fèrèsé àwọn yẹn, wọ́n ní ará Ìgbòho ni, pélé rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá. Manuella ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń sọdá bọ̀, wọ́n ń pè mí, Sìkírátù, Sìkírátù o, níbo lo wà, wá kí àlejò wa. Nùsíràt, mo fẹ́ dìde, mo fẹ́ sọ fún wọn pé èmi