Fọ́tò Ẹ̀yìn Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lọ́nà, a ó máa gbọ́ ìròyìn rẹ ní rere. Èmi náà wà, mo dúpẹ́, àfi ojú mi tí kì í tètè rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí ibi tí o wà jìnnà, bí mo bá fẹ́ kí o gbọ́ mi lórí fóònù, àfi kí n pariwo, bàbá rẹ á sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiwọn náà ni. Dókítà ní kòkòrò tó wọ eegun ẹ̀yìn wọn ti kú. Ibà ti lọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dáa, ìrora tó máa ń mú wọn ké bí ọmọdé kò sí mọ́. Wàhálà tó kù ni fọ́tò eegun kejì tí a lọ yà ní ọsibítù. Mo fọwọ́ ara mi wẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ náà, mo fi páúdà sí wọn lọ́rùn, mo fi aṣọ tuntun tí mo rán wọ̀ wọ́n, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ sì ní kí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má mira. Èmi rọra sọ fún wọn pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fajú ro. Inú ẹ̀rọ náà ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lu páànù. Nígbà tí fọ́tò jáde, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, eegun kan ti wó lé èkejì. Mo sọ fún dókítà pé ojú tí wọ́n fà ro ló bà á jẹ́, kí ó jẹ́ ká tún un yà.

Dókítà kò bínú. Ó ní ara ti ń san, fọ́tò ni kò tíì gbọ́. Pé eegun máa ń pẹ́ kó tó fi ìwòsàn hàn, ìrìn bàbá rẹ àti ẹ̀jẹ̀ wọn ni kí a máa wò. Ó ní kí wọ́n máa rìn. Bàbá rẹ kò gbà. O mọ̀ pé bíríkìlà ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò rí ògiri tó wó rí kí ẹnikẹ́ni pè é ní ògiri tó dúró. Wọ́n há fọ́tò sójú fèrèsé, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ó ń dùn mí gan-an.

Mo gbé fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò tó bá wa pa rorẹ́ ojú rẹ rẹ́ nínú àwòrán nígbà tí o jáde ilé-ìwé, mo ní kó bá mi pa ibi tó burú yẹn náà rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó wo ojú mi, ó gbé àga fún mi.

Lánàá òjò ṣú, aṣọ oníbàárà tí mo rán tí mo fọ̀ wà lórí okùn, mo ti lọ pọn omi. Kí n tó sáré dé, bàbá rẹ ti jáde láìmú ọ̀pá, wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ká gbogbo aṣọ, wọ́n ń bú mi pé aláìnírònú ni mí. Èébú náà dùn létí mi! Àfi bí wọ́n ṣe wọlé, tí ojú wọn bá fọ́tò. Wọ́n rántí, wọ́n di ẹ̀yìn mú, wọ́n tún lọ dùbúlẹ̀. Mo sunkún sára aṣọ oníbàárà, mo sì tún un fọ̀.

Fọ́tò náà nìyí, mo ká a sínú àpòòwé yìí. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé dókítà ló gbà á padà. Owó tí o ní o fẹ́ fi ya fọ́tò kẹta, jẹ́ kí dókítà fúnra rẹ̀ bèèrè ná. Fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún òwú àti oògùn, kí o fi ìyókù wọ ọkọ̀ wálé.

Dókítà ní eegun tó wó yẹn á jinná bó ṣe wó yẹn, kò ní ga padà mọ́. Gbogbo ṣòkòtò wọn ló ń wọ́ nílẹ̀, mo sì ń ká ẹsẹ̀ wọn rán sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò fura. Ọkùnrin tó ga débi pé ó máa ń tẹrí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé, ojú èmi àti tiwọn ti ṣe déédéé báyìí.

Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀, ìwọ náà á rí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ lọ́jọ́ alẹ́. Bí o bá dé, tí o kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ, jọ̀ọ́, má tètè dìde.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.