Ìlà Kan Lójú Ìwé Kẹfà

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópó Ayọ̀kànmí,
                                        Sùúrùlérè, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 1995.

Ìbíkúnlé, ẹni tí a jọ di arúgbó,

Mo kí ọ, mo kí Màmá Ọláolú tó ń fara da ìwà rẹ. Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn ilé? Ṣé òtútù Iléṣà kò da ọ́ láàmú? Ọláolú ńkọ́, ṣé ó ń kọ̀wé sí yín láti òkè òkun? Ara tèmi kò burú, àfi ojú ọ̀tún tí kò ríran dáadáa mọ́. Mo fẹ́ kí ara rẹ le lóòótọ́, nítorí inú máa bí ọ kí o tó ka lẹ́tà yìí tán, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni mo pa ọ́. Obìnrin tó mú un wá, fún un ní ìjókòó àti omi. Ọ̀nà jìn láti Mushin. Má sì jẹ́ kí ó lọ kí o tó kà á dé ìparí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀ ló kù kí n fi dáná. O ní o kò ní í fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí Caroline fi ránṣẹ́ sí ọ láti ilé ìkàwé yunifásítì. O ní iṣẹ́ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún méje sẹ́yìn ti di òkú, kí n jẹ́ kí òkú sùn. O tún ní ìwà ọmọdé ló ń ṣe mí. Ìbíkúnlé, ojo ni ọ́. Ojo ni èmi náà, ṣùgbọ́n ó ti sú mi, kò sì tíì sú ọ.

Jẹ́ kí n rán ọ létí, nítorí ẹni tó ṣu a máa gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ní 1986, èmi àti ìwọ lọ sí Ìdí-Òrò ní Mushin, a gba ẹ̀jẹ̀ àwọn alábátìrì mẹ́tàlélógójì, àwọn tó ń tú bátìrì mọ́tò tí wọ́n sì ń yọ́ òjé inú rẹ̀ níwájú ilé. Ṣàíbù ni olórí ẹgbẹ́ wọn. Òun ló mú wa kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, tó ń fi àwọn tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ tó ń fi ẹnu fa ásíìdì, abẹ́rẹ́ lo wá ń sá fún!" Ìwọ fúnra rẹ lo ṣèlérí fún un, lójú mi, pé a ó padà wá sọ ohun tí a bá rí. A rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn méjìdínlógójì, ó pọ̀ kọjá ohun tí ara lè gbà. A kò padà.

Nígbà tí olóòtú jọ́nà òkè òkun, ìwé àwọn onímọ̀ tó tẹ iṣẹ́ wa jáde, kọ̀wé béèrè bóyá a ti sọ àbájáde fún àwọn tó fún wa lẹ́jẹ̀, ìwọ lo kọ ìlà tó wà lójú ìwé kẹfà títí di òní, pé gbogbo wọn la ti jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Mo kà á. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo jẹ́ kí orúkọ mi ṣíwájú tìrẹ lórí ìwé náà, mo sì fi di Prófẹ́sọ̀.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ti ju tìrẹ lọ ni mo ń bọ̀ yìí. O kò sí ní ìpàdé náà, n kò sì sọ ọ́ fún ọ rí. Ní 1988, nígbà tí iṣẹ́ wa kò tíì jáde, Caroline mú àdéhùn kan wá síwájú ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé. Òṣìṣẹ́ kékeré ni nígbà náà, èmi ni alága. Ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà wa gan-an ló bá sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ilé ìkàwé ni yóò máa san owó kan ṣoṣo fún àwọn atẹ̀wé lọ́dún. Olùkọ́ wa tó bá ń kọ̀wé sínú jọ́nà wọn á wá gba fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ wa, a ó lu òǹtẹ̀ sí i, á fi í mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò ní í gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìtẹ̀jáde, iṣẹ́ rẹ̀ á ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì wọlé láti ìgboro lè kà á, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo bi í pé, "Láti ìgboro? Ta ni ní ìgboro?"

Ó ní, "Àwọn tí ẹ kọ̀wé nípa wọn ni, sà."

Ìbíkúnlé, mo mọ àwọn tó ń sọ. Mo dìde lórí àga, mo ní, "Ṣé èmi ni kí n máa tò sẹ́yìn àwọn tó ń to ìwé kí n tó rí àṣẹ tẹ iṣẹ́ mi? Arábìnrin, padà sídìí pẹpẹ ìwé rẹ." Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ń dun àwọn olùkọ́ wa tó pé kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé lu òǹtẹ̀ sí nǹkan fún wọn, ibẹ̀ ni mo gbà mú wọn. Wọ́n dìbò, àdéhùn kú. Iyì wọn kọ́ ni mo ń gbèjà o. Ìlà ojú ìwé kẹfà ni mo ń bò. Bí ìwé náà bá wà ní títì sí òkè òkun, ta ni ní Mushin tó máa ka irọ́ wa?

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ṣàíbù wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ láti ọrùn ọwọ́, ó ń fì bí aṣọ tí wọ́n sá. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà lára wa, ṣé kò tíì sọ̀rọ̀ ni?" Mo lè là á fún un níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí òfin tó de ẹnu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ yẹn, mo ti gbà pé a kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó lọ wò ó ní ilé ìkàwé. Mo mọ̀ pé jọ́nà náà kò sí níbẹ̀, torí láti ìgbà tí náírà ti ń já ni wọn kò ti rówó rà á mọ́. Caroline ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní ọkùnrin náà jókòó láti àárọ̀ títí wọ́n fi fẹ́ tìlẹ̀kùn. Kò gbọ́ Òyìnbó, ó kàn ń ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan bóyá ó máa rí àwòrán bátìrì. Ó kú ní 1992.

Ẹlòmíràn ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí, wọ́n ṣì ń yọ́ òjé níwájú ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Lateefat ọmọ Ṣàíbù ń gbé inú ilé yẹn pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀, Ummulkhair, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Inú eérú ìdí iná yẹn ni ọmọ náà ti ń ṣeré. Àwọn ayálégbé ti bẹ ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n kó iṣẹ́ yíyọ́ òjé kúrò láàárín ilé. Onílé ní, "Òjé wo? Èéfín lásán ni." Káńsù fẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yìí, wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀ yunifásítì wá. Mo ní èmi á lọ fẹnu jẹ́rìí. Akọ̀wé wọn wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ fáìlì."

Caroline ti di olórí ilé ìkàwé báyìí, ó sì ti rí àdéhùn rẹ̀ ṣe níkẹyìn. Ó gba iṣẹ́ àtijọ́ mọ́ tuntun, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó kọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú kí òun tó lè lu òǹtẹ̀. Àwa méjì péré ni. Èmi ti buwọ́ lù ú. Nígbà tí mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Prófẹ́sọ̀, ẹ mú àforíjì yín dání ná. Ìbuwọ́lùwé ni mo ń wá."

O béèrè nínú lẹ́tà rẹ pé, ojú wo ni a ó fi wo àwọn èèyàn bí wọ́n bá ka ìlà yẹn. Ojú tí Ṣàíbù fi wá àwòrán bátìrì náà ni kí o fi wò wọ́n. Mo ti kọ ewé ìwé kan tí wọn yóò fi mọ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, pé ìlà náà kì í ṣe òótọ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi nìkan ni mo dá a kọ, kí n fi bo ìwọ. Mo fà á ya. Irọ́ kan ló tún ń bí òmíràn yẹn. Mo fi àyè orúkọ rẹ sílẹ̀ lábẹ́ tèmi.

Bá mi kí Màmá Ọláolú, kí o sì ka lẹ́tà yìí fún un, nítorí mo mọ̀ pé o máa fẹ́ fi í pamọ́. Bá mi kí àwọn àgbà ìjọ rẹ tó ń pè ọ́ ní Bàbá.

Obìnrin tí o fún lómi yẹn, òun ni Lateefat. Òun ló ní òun fúnra òun á mú fọ́ọ̀mù mìíràn wá fún ọ. Kí ó tó wọkọ̀, mo túmọ̀ ìlà náà fún un, n kò bo orúkọ rẹ, n kò bo tèmi. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ojú ìwé mélòó ni gbogbo rẹ̀, bàbá?" Mo ní mẹ́sàn-án. Ó ní, "Mẹ́sàn-án. Bàbá mi ṣí ìwé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú."

Gbójú sókè kí o wò ó. Pẹ́ẹ̀nì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ tìrẹ kò rọ, Ìbíkúnlé. Buwọ́ lù ú.

                                        Èmi tí a jọ parọ́, tí mo fẹ́ kí a jọ jẹ́wọ́,
                                        Fàsásì.