Méje Nínú Mẹ́wàá Lọmọ Mi Ń Tàsé

Verlin ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ìlú Omaha ò tíì gbé ẹ mì? Ọlọ́run tó mú wa la yìnyín ọdún yìí já á ṣọ́ ẹsẹ̀ àti eyín ẹ. Bàbá ẹ ń kí ẹ, ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún, èmi nìkan ni mò ń fún wàrà màlúù, torí ẹni tó yẹ kó bá mi fún un ń fi igi lé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní baseball kiri ìgboro.

Mo rí orúkọ ẹ nínú ìwé ìròyìn o! Wọ́n kọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá sí i nídìí. Mo bi Dagmar aládùúgbò wa pé kí nìyẹn, ó ní bó o bá dúró gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀rún ìgbà, iye ìgbà tó o gbá a tó o sì ráyè sáré nìyẹn, pé ká kúkú sọ pé mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Mo jókòó gbì. Méje tó kù ńkọ́? Èmi tí mò ń ṣe adájọ́ èso píìṣì tí wọ́n sè sínú ìgò níbi ìpàtẹ àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ, bí obìnrin bá gbé ìgò mẹ́wàá wá tí méje ti kan, ṣé ríbọ́ọ̀nù ẹ̀bùn ni màá so mọ́ ọn láyà? Màá ní kó gbé e lọ fún ẹlẹ́dẹ̀ ni!

Lọ́jọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ ń bọ̀ mí lọ́wọ́, pásítọ̀ fúnra ẹ̀ ní o gbé ìlú wa ga. Mo ní ẹ̀sín ló ń fi mí ṣe, pé bó bá gbàdúrà mẹ́wàá tí mẹ́ta péré gbà, ṣé a máa pàtẹ́wọ́ fún un? Ó lọ bu kọfí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkùnrin kan dé, Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, ó ní òun ń wá ọmọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ní Chicago, òun fẹ́ mọ irú ilé tó o ti wá kí wọ́n tó mú ẹ. Mo gé páì eléso fún un, mo sì sọ òótọ́, torí mi ò kí ń tan àlejò. Mo ní ọ̀gá, ẹ má fowó yín ṣòfò, ìgbà méje nínú mẹ́wàá lọmọ yìí ń tàsé, ẹ dá a padà fún mi, màlúù ò lè yẹ̀ fún un. Bàbá ẹ pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì pé mo ti ba ayé ẹ jẹ́. Mo ní kó dojú kọ ògiri.

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí páì fi há a lọ́fun. Ó ní màmá, ẹni tó bá gbá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ọ̀gá ni, ọ̀pọ̀ ò débẹ̀, pé ẹni tó bá gbá mẹ́rin jálẹ̀ ọdún, ọmọọmọ wa á máa dárúkọ ẹ̀. Ó ní wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹ kó o má baà rí i gbá. Mo ní ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ sanwó fún ẹnì kan kó gbá a, ẹ tún sanwó fún ẹlòmíì kó má jẹ̀ẹ́ kó gbá a, èmi lẹ wá ń pè ní òpè? Ó ní òun tún fẹ́ páì.

Wọ́n ti mú ẹ, Verlin, o ń lọ sí Chicago. Omaha tá à ń pè ní ọ̀nà jíjìn wá di ẹ̀yìnkùlé. Mo sọ fún àwọn màlúù, wọ́n ń jẹ koríko wọn lọ.

Fi owó òrùlé ilé màlúù ránṣẹ́, kó sì pé o, káfíńtà ò gbọ́ mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Bọ́ọ̀lù ò ní fọ́ ẹ lójú. Kí mẹ́ta yẹn máa bọ́ sọ́jọ́ tí gbogbo ayé ń wò ẹ́. Méje tó kù, máa kó wọn bọ̀ nílé, ìyá ẹ ò ní kà á mọ́.

Èmi ni,
Orpha ìyá ẹ