Olórí Ìlera Ọ̀pọ̀lọ́

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwa náà ń mí, a dúpẹ́. Ẹlẹ́dàá á fún ọ ní àyè, torí àyè lo ní o kò ní láti ọdún mẹ́ta tí o ti wálé gbẹ̀yìn.

Bàbá rẹ rí àwòrán rẹ nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé ọṣẹ fún wa. Wọ́n ní ìwọ ni olórí àwọn tó ń tún ètò ìlera ọpọlọ ìlú ṣe, bàbá rẹ bá kà á sí ọ̀pọ̀lọ́, èyí tó ń fò lẹ́yìn ilé. Mo ní kó tún un kà, ó tún un kà, ọ̀pọ̀lọ́ náà ni. Ojú tì mí. Ẹni tí mò ń jí ní kùtùkùtù kó má baà pẹ́ dé iléèwé, ọ̀pọ̀lọ́ ló wá ń tọ́jú! Nígbà tí ìyá oníbúrẹ́dì bi mí nípa iṣẹ́ rẹ, ńṣe ni mo ní ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì kan ló là wá lóye lọ́jọ́ tó gbé fọ́ọ̀mù yín wá fún àbúrò rẹ, télọ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí iná ti jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, kì í sọ̀rọ̀, oúnjẹ rẹ̀ ń tutù lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ní ọkàn àwọn ènìyàn lò ń tọ́jú, ìwọ gan-an lo sì kọ fọ́ọ̀mù náà. Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ìwọ kó tìrẹ ròde tán, o gbàgbé ilé.

Àbúrò rẹ kò dáhùn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù náà, ni mo bá bá a dáhùn. Wọ́n ní ṣé ó máa ń gbọ́ ohùn ẹni tí kò rí? Mo ní gbogbo wa là ń gbọ́ ọ, ní ìparí oṣù, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, lẹ́yìn náà ohùn náà á ní òun ní ìpàdé. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́, ó tún pa á rẹ́. Ó wá béèrè ẹbí tí àwọn lè pè bí ọ̀rọ̀ bá le, mo fún un ní nọ́ńbà rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè ọ́ lójú mi. Obìnrin tó ń gbé inú fóònù rẹ ló ń jáde, ó ní a kò lè bá ọ sọ̀rọ̀. Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ní ìyá ọ̀gá rẹ̀ ni mí, kó bá mi lọ pè ọ́ wá, ó tún ń sọ ohun kan náà. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ lo gbà síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì bá kọ ọ́ síbi tó yẹ kí orúkọ rẹ wà pé: kò sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì fi fọ́ọ̀mù yín sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ya han àbúrò rẹ. Àbúrò rẹ wò ó títí, ó ní ta ló rán ìránkúràn yìí, kí wọ́n fún òun ní abẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ láti oṣù mẹ́rin nìyẹn. Mo sunkún. Nígbà tó rán an tán, ó bi mí bóyá o ń bọ̀.

Fi owó òwú àti abẹ́rẹ́ ránṣẹ́. Tàbí kí o rà wọ́n, kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbé wọn wá fún un.

Odò ẹ̀yìn ilé ti kún. Bí ọ̀pọ̀lọ́ kan bá ké níbẹ̀, òmíràn á dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá pe ènìyàn, Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí ẹni dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá Kò-Sí.